Ẹ̀rọ wo ni wọ́n fẹ́ fi pólíìṣì mọ́tò yín? Ẹ béèrè kí wọ́n tó tàn án

Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú mọ́tò wọn dáadáa. Eruku pupa tó ti bò ó láti oṣù kọkànlá á ti ṣàn lọ, ohun tó máa kù ni àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yí po bí òwú aláǹtakùn, pàápàá bí oòrùn ọ̀sán bá ràn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò dúdú ló máa ń burú jù. Tòkunbọ̀ tó ń dán gbinrin lọ́jọ́ tó wọ̀lú, ẹ̀ẹ̀rùn méjì péré ló máa ń fi rí bí ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀. Bí ẹni tó ni ín bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó lè ṣe sí i, ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ẹ gbé e wá ká fi ẹ̀rọ nù ún, á dà bíi tuntun."

Wọn kò parọ́. Ẹ̀rọ lè ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó lè tún ojú mọ́tò ṣe wà níbẹ̀, èyí tó lè hó ọ̀dà rẹ̀ dé irin láàrin ìṣẹ́jú kan náà wà níbẹ̀, lójú ẹni tí kò bá sì mọ̀, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn: ibi tí wọ́n ti ń dì í mú, wáyà iná, àti abọ́ róbótó kan níwájú tí wọ́n ń lẹ kànrìnkàn mọ́. Ẹni tó bá ti kun mọ́tò látòkè délẹ̀ rí mọ ohun tí ọ̀dà ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú ewé ilé wa. Yàtọ̀ sí ilé tí èèyàn kọ́ àti owó ilé ìwé ọmọ, ó ṣòro láti rí ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ ìdílé tó mọ́tò.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀rọ yìí kì í fi nǹkan kan kún ojú mọ́tò, ńṣe ló ń mú kúrò. Ẹ rántí bí káfíńtà ṣe máa ń fá pákó títí tó fi máa jọ̀lọ̀. Kò fi ohunkóhun kún pákó náà, ó fá èyí tó yọ gọngọ kúrò ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú mọ́tò. Ìlà tí ẹ ń rí yẹn jẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ náà á sì fá ọ̀dà tó yí kòtò yẹn ká wálẹ̀ títí ojú á fi dọ́gba. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá lọ fún irú iṣẹ́ yìí, ó máa dín díẹ̀ kó tó padà wálé.

Kí ló tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fá? Mọ́tò tó bá ti ilé iṣẹ́ wá lóde òní máa ń ní ìpele ọ̀dà mẹ́rin: èyí tí wọ́n fi dènà ìpẹtà mọ́ irin lára, èyí tí wọ́n ń pè ní páráímà, ọ̀dà aláwọ̀ tí ojú ń rí, àti ọ̀dà aláìláwọ̀ tó wà lókè pátápátá tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà. Kílíà yìí ló ń dán, òun náà ló sì ń gba oòrùn dúró kó má baà ṣá ọ̀dà aláwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ mú bébà kan tí wọ́n fi ń ṣe fọtókọ́pì. Bébà yẹn nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Gbogbo ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kà sílẹ̀ yìí, bí wọ́n bá kó wọn pọ̀, kì í sábà nípọn ju bébà kan tàbí bébà kan àtààbọ̀ lọ. Kílíà nìkan kì í sábà tó ìdajì bébà. Ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ náà ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó sì parí. Bí kílíà bá ti lọ tán níbì kan, kò sí pólíìṣì tó lè dá a padà, àfi kí wọ́n kun ún.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá fi èékánná rẹ̀ rìn lórí ìlà kan, tí èékánná náà kọ́ síbẹ̀, kí ó má ṣe gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ lé e. Ìlà yẹn ti jìn jù. Kó tó tán, kílíà á ti tán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò tilẹ̀ yẹ kó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹ máa ń rí irin iṣẹ́ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, tí wọ́n tún fi ń fá ojú ibi tí wọ́n bá jó pọ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní gíráńdà. Àwọn kan máa ń yọ òkúta rẹ̀, wọ́n á fi irun àgùntàn tàbí fóòmù rọ́pò rẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀rọ pólíìṣì nìyẹn. Kì í ṣe òun. Gíráńdà kékeré máa ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ̀rọ pólíìṣì tòótọ́ tó ń yí lójú kan kì í sábà ju 3,000 lọ, tí èèyàn sì lè dín in kù sí 600. Iná inú ìyípo 11,000 yẹn á ti jó kílíà kí ẹni tó mú un tó mọ̀ pé òun ti pẹ́ jù lójú kan. Bí ó bá jẹ́ bọ́ńpà ni, tó jẹ́ ike, á rọ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, tí ẹ rí i pé gíráńdà ni wọ́n fẹ́ lò, bóyá ní Sábó ni o, bóyá ní Tákíé, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ yín padà sọ́wọ́ kí ẹ máa lọ. Kò sí àlàyé tó yẹ kí ẹ dúró gbọ́.

Ẹ̀rọ tòótọ́ tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni èyí tó ń yí lójú kan ṣoṣo. Makita ti ilẹ̀ Jàpáànù àti DeWalt ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ó máa ń wúwo tó kílò mẹ́ta tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, abọ́ rẹ̀ sì sábà máa ń fẹ̀ tó íńṣì méje. Ẹ̀yin tí ẹ ta òkòtó ní kékeré, ẹ rántí òkòtó tó bá dúró ṣinṣin lójú kan tó ń yí: ó máa ń gbẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rọ yìí ṣe rí nìyẹn. Gbogbo agbára rẹ̀ wà lójú kan, ìdí nìyẹn tó fi ń yára, tó sì jẹ́ pé ìlà tó jìn díẹ̀ tàbí ojú ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sáńpépà fá lè gbà fún un kíákíá. Ọ̀gá pẹ́ńtà tó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ lè fi ṣe ohun tí ojú á rí tí ẹnu á yà.

Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, wàhálà dé. Bí ó bá dúró díẹ̀ lójú kan, ooru á mú. Bí ó bá gba etí ilẹ̀kùn kọjá, tàbí góńgó bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù, funfun páráímà á yọ. Kódà bí kò bá jó nǹkan kan, ó máa ń fi àpá kan sílẹ̀ tó ń tàn bí òjìji nígbà tí mọ́tò bá ń lọ nínú oòrùn. Ẹ ò ní rí àpá yìí lábẹ́ bùkátà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú tí ẹ bá gbé mọ́tò dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ máa rí i. Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé kí ẹ máa gba mọ́tò yín lójú oòrùn, kí ẹ sì ti fi omi àti ọṣẹ fọ ibì kan níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí pé òróró tó wà nínú àwọn kọ́ḿpáùn kan máa ń dí ojú ìlà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a fọ̀ ọ́ tán, gbogbo rẹ̀ á tún yọ padà.

Ẹ̀rọ kejì ni èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní DA. Òun máa ń yí, ó sì tún máa ń rìn ní òbìrí kékeré bó ṣe ń yí. Òkòtó tí kò dúró lójú kan, tó ń rìn káàkiri ilẹ̀ bó ṣe ń yí, ni ẹ fi wé. Òkòtó bẹ́ẹ̀ kì í gbẹ́lẹ̀. Ooru kì í dúró lójú kan, bí ọmọ iṣẹ́ bá sì tẹ̀ ẹ́ jù, abọ́ náà á kọ̀ láti yí, á kàn máa gbọ̀n lásán. Èyí tó dà bí àléébù yìí ló ń kó ọ̀dà yọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fi táńgànran kọ ìlà kan sẹ́yìn abọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè máa rí i bóyá ó ṣì ń yí tàbí ó ti dúró. Ọgbọ́n yẹn dára, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

Àmọ́ DA náà kò dọ́gba. Ohun tí ẹ máa wò ni bí òbìrí tó ń rìn yẹn ṣe fẹ̀ tó. Porter-Cable 7424XP ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ fi kọ́ iṣẹ́ yìí, mìlímítà 8 ni òbìrí tirẹ̀. Ó rọrùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ba nǹkan jẹ́, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lórí ìlà tó bá le. Ilé iṣẹ́ Rupes ti ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, wá ṣe èyí tí òbìrí rẹ̀ tó mìlímítà 15, àti òmíràn tó jẹ́ 21. Ìwọ̀nyí ló mú kí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tó ti ń fi ojú kékeré wo DA yí èrò padà, torí wọ́n ń gé ìlà dáadáa, síbẹ̀ wọn kì í fi òjìji sílẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ohun kan tó wà níbẹ̀ ni pé èyí tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ojú tó tẹ́jú, bí òrùlé mọ́tò àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá dé ẹ̀gbẹ́ iná iwájú tàbí ibi ọwọ́ ilẹ̀kùn tó rí kọ́rọkọ̀rọ, kékeré ló dáa jù níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta dúró láàrin àwọn méjèèjì. Flex, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ti wà láti ọdún 1922, ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní XC 3401. Ó ń yí, ó ń rìn, àmọ́ jía ló ń ti abọ́ rẹ̀, nítorí náà bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ tó ì báà jẹ́ àpò sìmẹ́ńtì, kò ní dúró. Ó lágbára ju DA lásán lọ, kò sì léwu tó ẹ̀rọ tó ń yí lójú kan. Ẹni tó bá dì í mú fúngbà àkọ́kọ́ á rí i pé ó máa ń fa ọwọ́ lọ síbi tó wù ú, ó máa ń gbọ̀n gan-an pẹ̀lú. Fún ilé, a kò rò pé ó pọn dandan. Fún pẹ́ńtà tó ń gba mọ́tò méjì mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Bí ẹ bá wá bi wá pé èwo ni kí ẹni tí kì í ṣe pẹ́ńtà rà, tó fẹ́ máa tọ́jú mọ́tò ara rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, DA ni a máa sọ, èyí tí òbìrí rẹ̀ jẹ́ 8 tàbí 15. Bí ẹ bá sì gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ bá a jà nítorí pé ẹ̀rọ tó ń yí lójú kan ló ní. Ẹ kàn ní kó kọ́kọ́ ṣe ibì kan tó fẹ̀ tó ojú àpótí ìjókòó, kí ẹ wò ó nínú oòrùn. Oníṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ kò ní bínú. Àwa náà máa ń dá kún ọ̀ràn yìí: àá dé ibẹ̀, àá ní "Ọ̀gá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa o, mo fẹ́ kó dán," òun náà á ní "Ẹ má ṣèyọnu, mọ́mì, á dán." Títẹ̀ kọ́ ló ń mú un dán. Kànrìnkàn tó mọ́ àti kọ́ḿpáùn tó yẹ ló ń ṣe é. Irun àgùntàn máa ń gé jù, fóòmù líle tẹ̀ lé e, fóòmù rírọ̀ ló gbẹ̀yìn. Bí eruku ojú ọ̀nà bá wà nínú fóòmù náà, ẹ̀rọ tó dára jù láyé á kan máa fi ha mọ́tò náà ni.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣòfò. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún. Iná tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ẹni tó bá kì í bọ ògiri láìsí tíráńsífọ́mà tó lè gbé e, èéfín ló máa rí. Ẹ wo ara ẹ̀rọ náà, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Bákan náà, ẹ̀rọ tó ń yí lójú kan máa ń jẹ tó 1,200 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "Áì-bẹ́tà-pás-mai-néíbọ̀" kò lè gbé e. DA tó jẹ́ 500 wáàtì lè bá a lọ, bí kò bá sí fíríìjì lórí rẹ̀. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sínú gáréèjì tàbí sí ẹnu fèrèsé nítorí pé ẹ ń nu mọ́tò. Èéfín rẹ̀ kì í rùn tó ohun tó lè ṣe, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú.

Kò tán síbẹ̀, torí pé ara ẹni tó mú ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi wákàtí púpọ̀ mú ohun tó ń gbọ̀n lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ọmọ ìka rẹ̀ máa ń jìyà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ìka tó kú tìpẹ́, tàbí tó ń ta wìnnì-wìnnì lóru, nígbà tó bá yá, ìka á máa funfun bí òtútù bá mú, ọwọ́ kò sì ní lè di bọ́tìnì mọ́. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ tán lè má padà. Àwọn ará Yúróòpù tiẹ̀ ṣòfin lórí rẹ̀ lọ́dún 2002, pé kí ọ̀gá iṣẹ́ máa díwọ̀n gbígbọ̀n tó ń wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ má fi ọmọ kan ṣoṣo sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́. Kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn, kí wọ́n máa sinmi, kí wọ́n má sì fi gbogbo agbára dì í mú. Awò ojú ṣe pàtàkì, torí kọ́ḿpáùn máa ń ta. Bó bá ta sójú, omi tó mọ́ ni kí wọ́n máa dà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n má fi ọwọ́ ra á, bó bá sì ń ta síbẹ̀, kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Ògbómọ̀ṣọ́ kúkú ní ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá sílẹ̀ láti 1907, tó ti di ti Yunifásítì Bowen báyìí. Aṣọ tó gbòòrò, ìborùn, ẹ̀gbà ọrùn àti irun tó gùn kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ irun àgùntàn tó ń yí. Ó máa ń wé e ni.

Àwọn mọ́tò kan wà tí gbogbo ohun tí a sọ nípa kílíà kò kàn. Bí ẹ bá ní mọ́tò àtijọ́ nílé, bíi Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, tàbí Ìjàpá Volkswagen tí wọ́n ń tò l'Ékòó láti ọdún yẹn kan náà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà rẹ̀ má ní kílíà rárá. Ẹ fi aṣọ funfun àti kọ́ḿpáùn díẹ̀ nu ibi tó pamọ́. Bí aṣọ náà bá di àwọ̀ mọ́tò, ọ̀dà aláwọ̀ gan-an ni ẹ ń fá yẹn, ẹ rọra. Mọ́tò tí wọ́n ti tún kùn nílùú tún nílò àkíyèsí ju ti ilé iṣẹ́ lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ iye kílíà tí pẹ́ńtà tó ṣe é fún un lọ́jọ́ náà, pọ́tì sì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó lórí irin. Pẹ́ńtà tó bá ní in lọ́wọ́, tó sì fi wọn mọ́tò yín kó tó tan ẹ̀rọ, ẹ tọ́jú nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ibi tí ìlà ti wá gan-an ló yẹ kí ẹ dí. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí iṣẹ́ fífẹ̀ ẹ́ fà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti fi eruku bo mọ́tò tí kò lóǹkà, àmọ́ eruku lásán kì í ha mọ́tò bí a kò bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Àkísà tí ọmọ fi ń nu mọ́tò láàárọ̀ kí ẹ tó jáde ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà sí i. Kí wọ́n lo bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì láti máa fi ṣan kànrìnkàn kó tó padà sínú ọṣẹ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí òrùlé wá sílẹ̀, kí kànrìnkàn tí wọ́n fi fọ táyà má sì dé ara mọ́tò. Bí ẹ bá sì máa ń gbé e sábẹ́ igi máńgòrò tàbí kajú nítorí oòrùn, ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi aṣọ tó tutù bò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó rọ̀, kí ẹ tó nù ún kúrò.